Ẹyọ Òǹkà Kan, Ọdún Márùndínlọ́gọ́rin

 

Kí n tó sọ ìtàn tọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀, ọdún púpọ̀ kí n tó máa kọ̀wé sí yín níbí, wọ́n gbé ìkéde kan fún mi pé kí n tú u sí Yorùbá. Ìkéde náà ń pe àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì pé kí wọ́n wá fojú hàn, kí wọ́n mú ìwé wọn dání, kí àwọn tó ń sanwó lè mọ ẹni tó ṣì wà láàyè. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni èmi kọ. Ẹ tún ọ̀rọ̀ méjèèjì wò dáadáa, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe jọra. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́jọ́ náà, ojú mi ti wúwo, wọ́n sì ń pariwo pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dúró de èmi nìkan. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, n kò rí nǹkan kan tó wọ́, mo bá fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, bàbá àgbàlagbà kan wọ ọ́fíìsì wa. Wọ́n ti gé ìkéde náà kúrò nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ká a sínú àpò ẹ̀wù wọn. Wọ́n ní àwọn wọkọ̀ láti ìlú àwọn ní ìdájí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn dé ibẹ̀, àwọn bá ilẹ̀kùn ní títì, orúkọ àwọn sì ti kúrò lára àwọn tó ń gba owó. Bàbá yìí ò pariwo, wọn ò ṣépè. Ohun tí wọ́n sọ kò ju báyìí lọ: "Ọmọ mi, ìwé yín ni mo kà." Mo bá wọn lọ síbi tó yẹ. A lọ, a bọ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ló gbà kí wọ́n tó dá orúkọ wọn padà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ tú òǹkà kankan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń kà á.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣé é kó. Òǹkà náà, ẹyin ni. Ohun tó mú mi rántí bàbá yìí ni ìtàn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi kan tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ọgọ́rin ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀. Ẹyọ òǹkà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì kọ ló wà nínú ohun tó jẹ́ kí ibojì wọn sọnù fún ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Àwọn tó tìtorí rẹ̀ jókòó, tí wọn ò gbàgbé, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí.

Ilé tí kò ní fèrèsé

Ilẹ̀ wa kò ní ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Ẹ fojú inú wo páìpù irin ńlá kan tí wọ́n dí lórí, tí wọ́n dí nídìí, tí gígùn rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 300. Inú rẹ̀ ni ọkùnrin bí ọgọ́ta sí ọgọ́rin ń gbé fún oṣù kan sí méjì. Kò sí fèrèsé. Omi mímu kò tó ohun tí èèyàn lè fi wẹ̀ bó ṣe wù ú. Ibùsùn kò kárí, nítorí náà bí ẹnì kan bá dìde láti lọ ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn á sùn sójú kan náà nígbà tí ibẹ̀ ṣì ń móoru.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀ńjìnnì dísù ló ń gbé ọkọ̀ náà rìn lójú omi. Dísù kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá ti rì sísàlẹ̀, bátìrì ni wọ́n á máa lò. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ jáde sókè láti fi iná sí i, òru ni wọ́n sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọ̀tá má baà rí wọn. Bí ọ̀tá bá tẹ́tí sí wọn nígbà tí wọ́n wà nísàlẹ̀, wọ́n á pa gbogbo nǹkan tó ń pariwo, wọ́n á dákẹ́ bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó mú kí wọ́n di ọmọ ìyá ara wọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ gbogbo inú rẹ̀ pátá. Ìbáà jẹ́ alásè, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ rédíò, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí páìpù kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n ń tì àti èyí tí wọ́n ń ṣí, kódà nínú òkùnkùn. Bí omi bá ń ya wọlé lóru, kò sí àyè láti máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá yege ni wọ́n ń fún ní àmì kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà. Àwòrán ẹja dolphin méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọkọ̀ abẹ́ omi sì wà láàárín wọn. Bàbá ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún lè ti gbàgbé ibi tó fi awò ojú rẹ̀ sí, àmọ́ á rántí ọjọ́ tó gba àmì yẹn.

Nínú ogun náà, ọkọ̀ abẹ́ omi 52 ni Amẹ́ríkà pàdánù, àwọn tó kú sì lé ní 3,500. Nínú ẹni márùn-ún tó bá bá ọkọ̀ abẹ́ omi lọ sójú ogun, nǹkan bí ẹnì kan ni kò padà wálé. Èyí tó tún le ni pé nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, púpọ̀ ló kàn lọ tí kò bọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó rì, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn ìkẹyìn rẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá àti ìyàwó nílé, pé wọn ò rí ọmọ tàbí ọkọ wọn mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí fún ọ̀pọ̀ ìdílé.

Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú náà wà nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Òfin ìgbà yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n láyè láti ṣe ju iṣẹ́ ìránṣẹ́ lọ, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá, kí wọ́n máa tẹ́ ibùsùn. Àmọ́ bí ogun bá dé, àwọn náà a máa gbé ọta ìbọn. Bí ọkọ̀ bá sì rì, omi kò béèrè àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọdún 1948 ni Ààrẹ Harry Truman pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe ya ọmọ ogun sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ mọ́. Lónìí, orúkọ àwọn dúdú àti funfun tó bá ọkọ̀ kan náà lọ ló jọ wà lára òkúta ìrántí kan náà.

Agogo kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan

Bí ogun ti parí, àwọn tó kù padà sílé. Òmíràn di àgbẹ̀, òmíràn ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, òmíràn di tíṣà. Àwọn ìyàwó wọn kò mọ ohun tí ojú wọn rí, àwọn náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́. Ní ọdún 1955, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi nígbà ogun náà. Nígbà tó di 1964, ẹgbẹ́ kejì dìde, èyí tí wọ́n ń pè ní United States Submarine Veterans. Ẹgbẹ́ kejì yìí kò béèrè pé ogun wo lo jà. Bí o bá ti gba àmì ẹja méjì yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ ni ọ́.

Ẹgbẹ́ yìí ní ẹ̀ka káàkiri Amẹ́ríkà, títí dé àwọn ìlú tí kò sí òkun nítòsí wọn. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń bẹ aláìsàn wò, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n sì ń bá opó jókòó. Ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún tó gba àmì náà, àwùjọ àgbà kan wà fún un tí wọ́n ń pè ní Holland Club. Orúkọ ọkọ̀ abẹ́ omi àkọ́kọ́ tí ìjọba wọn rà ní ọdún 1900 ni wọ́n fi sọ ọ́.

Àmọ́ ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni agogo. Níbi ìrántí wọn, ẹnì kan á dúró, á máa pe orúkọ àwọn ọkọ̀ tó rì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá pe ọ̀kan, wọ́n á lu agogo lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Ó tún di òmíràn. Ọkọ̀ 52 ti ìgbà ogun ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tó rì nígbà tí kò sí ogun náà ń bẹ níbẹ̀, irú bíi Thresher tó rì ní oṣù Kẹrin 1963 pẹ̀lú èèyàn 129, àti Scorpion tó lọ ní oṣù Karùn-ún 1968 pẹ̀lú èèyàn 99. Ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu wọn pé lágbájá kú. Wọ́n á ní ó ṣì wà lẹ́nu ìṣọ́ tí kò lópin. Àwa tí a máa ń sọ pé ọba wàjà, ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tètè yé wa.

Wọn ò fi mọ sí agogo. Ní Oklahoma, ìpínlẹ̀ tí kò fẹnu kan òkun rárá, àwọn ajagunfẹ̀yìntì abẹ́ omi ní àfi káwọn ní ọkọ̀ kan tí àwọn ọmọ àwọn á máa wò. Ọkọ̀ tí wọ́n gbà ni Batfish, èyí tó rì ọkọ̀ abẹ́ omi Jàpáànì mẹ́ta láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Kejì 1945. Ní ọdún 1972, wọ́n so bájì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè fúyẹ́, wọ́n sì wọ́ ọ gba inú odò lọ sí ìlú Muskogee. Ibẹ̀ ló wà títí dòní, tó jókòó sórí pápá. Ní Cleveland, ọkọ̀ Cod ń bẹ níbẹ̀ tí wọn ò tíì gé ara rẹ̀ láti fi àtẹ̀gùn sí i fún àlejò. Àkàbà tóóró tí àwọn ológun ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ni àlejò náà ń gbà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ, èèyàn ń dín kù. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kejì pa ara rẹ̀ dé, nítorí àwọn tó kù ti di arúgbó. Agogo kò tìtorí ìyẹn dákẹ́. Àwọn àbúrò wọn nínú ẹgbẹ́ kejì ló gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí wọn kò sí ni wọ́n ń wá wọn sí

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ọkọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Grayback ni orúkọ rẹ̀. John Anderson Moore ni ọ̀gá rẹ̀. Ó kúrò ní Pearl Harbor ní ọjọ́ 28, oṣù Kìn-ín-ní 1944, fún ìrìn àjò ogun rẹ̀ kẹwàá. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ó ránṣẹ́ pé òun ti ja ìjà, ọta tó kù lọ́wọ́ òun kò pọ̀ mọ́. Wọ́n ní kó máa bọ̀. Kò dé.

Nígbà tí ogun parí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kó ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ará Jàpáànì jọ, wọ́n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ṣe ìwé ìtàn kan ní ọdún 1949 nípa gbogbo ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n pàdánù. Ìwé Jàpáànì sọ ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ju bọ́ǹbù lu Grayback. Òǹkà ni wọ́n fi ń kọ irú ibi bẹ́ẹ̀ lójú òkun, nítorí kò sí igi, kò sí òpópónà tí èèyàn lè fi júwe. Nínú òǹkà yẹn, ẹni tó ń tú u ṣi ẹyọ kan ṣoṣo kọ. Ẹyọ kan yẹn gbé ọkọ̀ náà jìnnà sí ibi tó wà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún máìlì. Bí ìwé ṣe di ìwé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Grayback wà, ìwé náà ló ń ṣí, ìdáhùn kan náà ló sì ń rí.

Mi ò mọ orúkọ atúmọ̀ yẹn, mi ò sì fẹ́ dá a lẹ́jọ́. Mo mọ bí ojú ṣe ń rí nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ tí ilẹ̀ sì ń ṣú.

Ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì kan, Yutaka Iwasaki, ló tú àṣírí rẹ̀. Ó padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ ti ibùdó ọkọ̀ ogun Sasebo, ó kà á ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ó sì rí i pé òǹkà ibẹ̀ kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu. Ìwé náà sọ pé ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì 1944, ọkọ̀ òfuurufú kan tó gbéra láti Okinawa ju bọ́ǹbù, bọ́ǹbù náà sì ba ẹ̀yìn ilé ìṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi kan, ó bú gbàù, ó sì rì lójú ẹsẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ àwọn tí wọ́n jọ jagun ló ṣe iṣẹ́ yìí, tó fi sọ ibi tí òkú wọn wà fún wọn.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Tim Taylor, tó ti fi ara rẹ̀ jìn fún wíwá àwọn ọkọ̀ 52 náà, ló mú òǹkà tuntun yìí lọ sójú òkun Okinawa. Ní oṣù Kẹfà 2019, ẹ̀rọ tí wọ́n rán lọ sísàlẹ̀ láti máa wá a kiri bà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fà á sókè, wọ́n ń wo àwòrán tó ti yà kó tó bà jẹ́, wọ́n sì rí nǹkan gígùn kan lórí ilẹ̀ òkun. Wọ́n wá rán kámẹ́rà lọ. Ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,400, wọ́n rí ọkọ̀ náà, àwo irin tí wọ́n kọ orúkọ Grayback sí ṣì wà lára rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n kéde rẹ̀ fún aráyé.

Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ibojì ogun ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú u. Ẹlòmíràn lè wá bi mí pé kí ni èrè rẹ̀ nígbà náà. Àwọn àgbà náà kúkú sọ pé òkú kò mọ iye tí a ra àgọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìdílé mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ti ọkọ̀ Grunion tó sọnù ní ọdún 1942 nítòsí erékùṣù Kiska, lápá Alaska. Mannert Abele ni ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi ọmọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀ nílé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà, wọ́n di arúgbó, wọ́n sì fi owó ara wọn wá bàbá wọn. Ní ọdún 2007, kámẹ́rà wọn rí ọkọ̀ náà. Àwọn obìnrin kan sì jókòó ti ìwé àti tẹlifóònù títí wọ́n fi rí ẹbí gbogbo ọkùnrin 70 tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá rí ibi tó lè nàka sí pé, ibẹ̀ ni bàbá mi sùn sí.

Ó kan àwa náà

Ẹ̀yin èèyàn mi, a kò ní ọkọ̀ abẹ́ omi, àmọ́ a ní àwọn tó jagun. Láti Sókótó dé Calabar, láti Maiduguri dé Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ilé ló ní bàbá ńlá tó lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé púpọ̀ ló tún ní ẹni tó ja ogun abẹ́lé wa, yálà lápá ibí tàbí lápá ọ̀hún. Ọdọọdún là ń ṣe ìrántí wọn ní oṣù Kìn-ín-ní. Wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n á gbé òdòdó kalẹ̀, a óò wò ó lórí tẹlifíṣàn, ó parí. Ṣé a mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Ṣé a mọ ìlú tí wọ́n ṣubú sí?

Iṣẹ́ kékeré kan ni mo fẹ́ bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan fún lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ gbé àpótí fọ́tò bàbá tàbí màmá àgbà jáde. Ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ṣì wà. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, ta nìyí? Níbo lẹ wà níbí? Ọdún wo ni?" Kí ọmọ tó mọ̀wé jù nínú ilé kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Orúkọ, ìlú, ọdún. Bó bá kan òǹkà, kó kọ ọ́ ní òǹkà, kó tún kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, kó kà á sókè sí etí àgbà náà, kí wọ́n lè sọ bóyá ó ṣì í kọ. Ẹ má sọ pé ó dọ̀la. Àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn náà sọ pé ó dọ̀la, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti bàbá òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì mi, wọ́n ti papòdà. Lẹ́yìn tí owó wọn padà, wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n kàn máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, òní ọjọ́ kelòó nínú oṣù?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, á sì dùn mí díẹ̀.

Ọjọ́ ìrántí àwọn ológun wa ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kìn-ín-ní. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ọ́. Kẹẹ̀ẹ́dógún ni o.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire ni a óò máa fi rántí ara wa.